Ẹ̀gún Nìkan Kò Tó: Bí A Ṣe Ń Dá Àṣẹ́kù Ẹ̀dá Òkun Kan Mọ̀

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n tí ó ti wà ní ayé tipẹ́tipẹ́ kí ènìyàn tó dé inú rẹ̀. Ohun náà ni èèpo líle tí ẹ̀dá kékeré kan tí ń gbé inú òkun máa ń fi bo ara rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ sinmi. Nígbà tí ẹ̀dá náà bá ti jáde lọ, èèpo yìí a ṣẹ́kù sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Ẹrẹ̀ a di òkúta, èèpo a sì wà nínú òkúta náà fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fún oríṣiríṣi irú èèpo bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Ọ̀kan nínú wọn ni a ó yẹ̀ wò lónìí, kí a lè mọ bí ó ti rí, ìdílé tí a pín in sí, àti ìdí tí ó fi pẹ́ púpọ̀ kí a tó pín in sí ibi tí ó tọ́.

Orúkọ rẹ̀ ni Lingulodinium machaerophorum. Kí orúkọ gígùn yìí má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. A ó tú u palẹ̀ bí a bá ti ń lọ.

ONÍLÉ ṢÁÁJÚ ILÉ

Kí a tó sọ̀rọ̀ ilé, ó yẹ kí a mọ onílé. Ẹ̀dá tí ó ni èèpo yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dinoflagellate. Ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn kò ní ọwọ́, wọn kò ní ẹsẹ̀, wọn kò sì ní lẹ́bẹ́ bí ti ẹja. Okùn tín-ín-rín méjì tí ó dà bí pàṣán ni wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́. Okùn kan yí wọn ní ìbàdí ká bí ìgbànú, òun ni ó sì ń mú kí wọ́n máa pòòyì nínú omi. Okùn kejì a máa nà sẹ́yìn wọn. Láti inú pípòòyì àti pàṣán yìí ni orúkọ wọn ti wá, nítorí pé ìtumọ̀ apá kìíní nínú èdè Gíríìkì ni òyì, ìtumọ̀ apá kejì nínú èdè Látìn sì ni pàṣán.

Púpọ̀ nínú wọn a máa wọ ẹ̀wù ìpẹ́. Àwọn ìpẹ́ náà tò ní ẹsẹẹsẹ: àwọn kan wà ní orí, àwọn kan tẹ̀ lé wọn lókè ìbàdí, àwọn kan wà ní ìbàdí fúnra rẹ̀, àwọn kan wà nísàlẹ̀ ìbàdí, àwọn ìyókù sì wà ní ìdí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Charles Kofoid ti Yunifásítì California ní Amẹ́ríkà ṣètò ọ̀nà tí a fi ń ka àwọn ìpẹ́ náà ní ìtò wọn. Kí ònkàwé fi ètò ìpẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò tú àṣírí èèpo wa nígbà tí ó bá yá.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì méjì bá ti para pọ̀ di ọ̀kan, ẹ̀dá tuntun náà lè ṣe èèpo ìsinmi fún ara rẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, a sì dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irúgbìn ti í sùn nínú ilẹ̀ gbígbẹ tí í máa retí òjò. Bí ìgbà bá tún dára, a ṣí ẹnu ọ̀nà kan lára èèpo náà, a jáde, a tún bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀wù ìpẹ́ a máa jẹrà kíákíá lẹ́yìn ikú onítọ̀hún, ṣùgbọ́n èèpo ìsinmi kì í tètè jẹrà. Nítorí náà, ohun tí òkúta fi pa mọ́ fún wa ni ilé ìsinmi. Kì í ṣe ẹ̀wù.

BÍ A ṢE Ń RÍ I

Bí ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ wá èèpo yìí nínú òkúta, a kọ́kọ́ fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà a da ásíìdì sí i: irú kan yóò jẹ ẹfun inú òkúta náà, irú mìíràn tí ó le jù ú lọ yóò jẹ yanrìn àti amọ̀ rẹ̀. Òkúta yóò yọ́ tán, ṣùgbọ́n èèpo náà kò ní yọ́. Ìgbà náà ni a ó fi ìyókù sí orí dígí pẹlẹbẹ, a ó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, èyí tí í ṣe awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Ohun mẹ́rin ni olùwòran gbọ́dọ̀ kíyè sí.

Èkíní ni ara. Ara Lingulodinium machaerophorum rí roboto bí bọ́ọ̀lù. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 sí 50 nínú ìpín bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá to 20 nínú wọn ní ìlà kan láìka ẹ̀gún wọn mọ́ ọn, ìlà náà kò ní gùn ju mílímítà kan lọ.

Èkejì ni ògiri. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ kò sì dán.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀gún. Ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì tò káàkiri ara rẹ̀ láìsí ìlà tí ojú lè tètè rí. Inú ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan ṣófo. Ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó ń tín-ín-rín lọ sókè, orí rẹ̀ sì dí ṣóńṣó bí ọ̀bẹ aṣóró. Gígùn ẹ̀gún náà kì í sábà ju 20 lọ nínú ìpín ẹgbẹ̀rún mílímítà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Láti inú ẹ̀gún yìí ni apá kejì orúkọ rẹ̀ ti wá: machaerophorum túmọ̀ sí ẹni tí ó ru idà kúkúrú.

Ẹ̀kẹrin ni ẹnu ọ̀nà, ibi tí onílé gbà jáde. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní dúró lé.

BÍ ÀWỌN ARÁ ÌṢÁÁJÚ TI RÒ Ó

Ní àwọn ọdún 1830, ọ̀mọ̀wé Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Christian Gottfried Ehrenberg gé akọ òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń ṣá iná, ó sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ó rí àwọn ohun kékeré tí ó rí roboto tí wọ́n sì ní ẹ̀gún lára. Nítorí pé wọ́n jọ ewéko kékeré kan tí ń gbé inú omi odò tí a ń pè ní Xanthidium, ó fún wọn ní orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni akọ òkúta náà wá láti inú ìsàlẹ̀ òkun oníyọ̀, ewéko náà kò sì ń gbé inú òkun. Ẹ̀gún ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìbí.

Ní 1850, Gideon Mantell ti ilẹ̀ England kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì pe irú kan nínú wọn ní Spiniferites, èyí tí ó túmọ̀ sí agbẹ́gùn-ún. Ní 1933, Otto Wetzel ti Jámánì fi wọ́n wé òòrẹ̀, nítorí ẹ̀gún ara wọn, ó sì sọ wọ́n ní Hystrichosphaera, èyí tí à bá pè ní bọ́ọ̀lù òòrẹ̀ ní èdè tiwa. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí ó bá ti rí roboto tí ó sì ní ẹ̀gún nínú òkúta ni wọ́n ń kó sínú agboolé òòrẹ̀ yìí, láìmọ̀ bóyá ewéko ni, tàbí ẹyin ẹranko, tàbí ohun mìíràn.

Inú agboolé yìí náà ni èèpo tiwa kọ́kọ́ bọ́ sí. Ní 1955, Georges Deflandre ti ilẹ̀ Faransé àti Isabel Cookson ti ilẹ̀ Australia ṣe àlàyé rẹ̀ láti inú òkúta ilẹ̀ Australia, wọ́n sì pè é ní Hystrichosphaeridium machaerophorum. Àlàyé ẹ̀gún rẹ̀ tí wọ́n ṣe péye, orúkọ oní-idà tí wọ́n fún un kò sì tíì yí padà. Ìdílé tí wọ́n fi í sí ni kò bá a mu.

ẸNU Ọ̀NÀ SỌ̀RỌ̀

Láàrin 1961 sí 1963, William Evitt ti Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò tẹjú mọ́ ẹ̀gún. Ihò ara àwọn èèpo náà ni ó tẹjú mọ́. Ó rí i pé ihò náà kì í ṣe ibi tí èèpo ti fọ́ lásán. Ó ní igun, ó ní ààyè tirẹ̀, ìrísí rẹ̀ sì bá ti ìpẹ́ ara dinoflagellate mu rẹ́gírẹ́gí. Èyí fi hàn pé nígbà tí ẹ̀dá náà ń jáde, ìlà ìpẹ́ rẹ̀ ni èèpo náà tẹ̀ lé tí ó fi ṣí. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní bọ́ọ̀lù òòrẹ̀ kì í ṣe ọmọ agboolé kankan tí ó dá dúró: èèpo ìsinmi dinoflagellate ni wọ́n. Àwọn tí kò ní àmì yìí ni Evitt yà sọ́tọ̀ ní 1963, tí ó sì pè ní acritarch, ìyẹn ni àwọn tí a kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹnu ọ̀nà ti di ohun tí a kọ́kọ́ ń wá. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́rin nínú àwọn èèpo elégùn-ún wé ara wọn, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa.

Èèpo Spiniferites ní ẹ̀gún tí orí rẹ̀ là bí ẹ̀ka igi, ẹ̀gún náà sì máa ń wà ní ibi tí igun ìpẹ́ ti pàdé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ àyè ìpẹ́ kan ṣoṣo lókè ìbàdí. Èèpo Operculodinium centrocarpum jọ tiwa púpọ̀ ní ìwòye, ṣùgbọ́n orí ẹ̀gún rẹ̀ ní kókó kékeré, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ náà sì jẹ́ àyè ìpẹ́ kan ṣoṣo. Èèpo Hystrichosphaeridium gan-an ní ẹ̀gún tí ó ṣí lórí bí ẹnu fèrè, àtàrí ni ó sì ti ń ṣí. Ti Lingulodinium machaerophorum yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ọ̀wọ́ ìpẹ́ tí ó wà lókè ìbàdí ni ó ń ṣí, ó lè jẹ́ ìpẹ́ kan, ó sì lè tó márùn-ún, nígbà mìíràn àwọn ìpẹ́ orí pàápàá a bá wọn lọ.

Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni David Wall fi yọ ọ́ kúrò nínú ìdílé Hystrichosphaeridium ní 1967, tí ó sì dá ìdílé tuntun, Lingulodinium, sílẹ̀ fún un. Bí ònkàwé bá rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀, báyìí ni yóò rí i: Lingulodinium machaerophorum (Deflandre & Cookson 1955) Wall 1967. Ọ̀rọ̀ kìíní ni orúkọ ìdílé; ọ̀rọ̀ kejì ni orúkọ àbísọ. Àwọn tí ó wà nínú àkámọ́ ni ó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn ni ó mú ọmọ lọ sí ilé tí ó tọ́ sí i. Gbogbo ìtàn tí a ti sọ láti òkè wá ni ó wà nínú ìlà kan yẹn.

Ẹ̀DÁ KAN, ORÚKỌ MÉJÌ

Ní àwọn ọdún 1960 kan náà, Wall àti Barrie Dale, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Woods Hole ní etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí ó fi òpin sí iyèméjì. Wọ́n kó ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n ṣa èèpo tí ohun alààyè ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n fi sínú omi òkun mímọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn èèpo náà ṣí, àwọn dinoflagellate sì jáde wá. Ní báyìí, ènìyàn lè fi ojú rí ẹni tí ó ni ilé.

Ẹni tí ó ni èèpo tiwa kì í ṣe àlejò. Láti 1883 ni Friedrich Stein ti fún un ní orúkọ nígbà tí ó rí i láàyè pẹ̀lú ẹ̀wù ìpẹ́ rẹ̀. Gonyaulax polyedra ni a ń pè é, títí di ìgbà tí J. D. Dodge gbé e lọ sínú ìdílé Lingulodinium ní 1989. Òun ni ẹ̀dá tí ń tan iná búlúù lójú omi ní òru nígbà tí ìgbì bá rú u. Ní 2020, ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní etíkun gúúsù California tí omi fi pọ́n ní ọ̀sán, tí ìgbì sì ń tàn ní alẹ́.

Ó wá di pé ẹ̀dá kan ní orúkọ méjì: ọ̀kan fún ẹ̀wù rẹ̀, ọ̀kan fún ilé ìsinmi rẹ̀. Òfin àgbáyé lórí ìsọlórúkọ gba èyí láàyè, nítorí pé ẹni tí ń yẹ òkúta wò kì í rí ju èèpo lọ, kò sì sí bí yóò ṣe fi ìdí ẹ̀wù tí ó ti jẹrà múlẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ọmọ lè ní orúkọ tí ìyá ń pè é àti èyí tí baba ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ méjì.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀GÚN KÒ FI TÓ

Ẹnìkan lè bi wá pé: ẹ̀gún kò ha wúlò rárá ni? Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n sin ẹ̀dá yìí nínú ìgò rí i pé èèpo tí ó ní ẹ̀gún gígùn àti èyí tí ẹ̀gún rẹ̀ kúrú lè ti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan náà wá. Ní 2009, Kenneth Mertens àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lórí ẹrẹ̀ láti oríṣiríṣi òkun. Wọ́n fi hàn pé gígùn ẹ̀gún Lingulodinium machaerophorum ń bá iyọ̀ inú omi àti ìwọ̀n gbígbóná rẹ̀ rìn. Níbi tí iyọ̀ bá ti dín kù, ẹ̀gún a máa kúrú.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí a bá ti fi gígùn ẹ̀gún nìkan pín wọn, à bá ti fọ́ ọmọ ìyá kan sí ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu ọ̀nà, ògiri àti irú orí ẹ̀gún bá ti sọ ẹ̀yà rẹ̀ fún wa, gígùn ẹ̀gún wá di ohun mìíràn tí ó ṣe iyebíye: ó di ìwọ̀n iyọ̀. Àwọn onímọ̀ ti fi í ṣírò bí iyọ̀ Òkun Dúdú, tí ó wà ní àríwá ilẹ̀ Tọ́kì, ti yí padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àmì tí kò yẹ fún ìpín ẹ̀yà lè yẹ fún iṣẹ́ mìíràn, bí a bá mọ ipò rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KAN ÈNÌYÀN NÍNÚ RẸ̀

Ìpín yìí kì í ṣe eré àwọn ọ̀mọ̀wé. Èèpo elégùn-ún mìíràn wà tí a ń pè ní Polysphaeridium zoharyi. Wall àti Dale ni ó fi hàn ní 1969 pé ilé ìsinmi Pyrodinium bahamense ni. Ẹ̀dá yìí náà ń tan iná ní òru, ṣùgbọ́n ó lè ní májèlé tí ń rọ ènìyàn lápá rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ìṣáwùrú àti irú wọn a máa jẹ ẹ́ láìsí ewu fún ara wọn. Ẹni tí ó bá jẹ ìṣáwùrú náà ni ewu wà fún. Ní oṣù July 1987, ní Champerico ní etíkun ilẹ̀ Guatemala, ènìyàn 187 ṣàìsàn lọ́nà yìí, 26 nínú wọn sì kú. Èèpo tí ó sùn sínú ẹrẹ̀ ni irúgbìn ewu bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń yẹ ẹrẹ̀ etíkun wò gbọ́dọ̀ lè fi orí ẹ̀gún àti ẹnu ọ̀nà mọ èyí yàtọ̀ sí àwọn tí kò ní irú májèlé náà. Bí ó bá ṣì í pè, ìkìlọ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja tí ó yẹ kí ó dé.

Àwọn tí ń wá epo rọ̀bì pẹ̀lú ń lo àwọn èèpo yìí láti mọ ọjọ́ orí òkúta tí wọ́n ń gbẹ́. Fún iṣẹ́ yìí, ẹ̀yà tí kò pẹ́ ní ayé ni ó dára jù. Lingulodinium machaerophorum ti wà fún ohun tí ó ju 50 mílíọ̀nù ọdún lọ, ó sì wà títí di òní, a sì ń rí i nínú ẹrẹ̀ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàápàá. Nítorí náà irú omi ni ó ń sọ jù, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ilẹ̀ tiwa ní ìpín nínú ìwé orúkọ wọ̀nyí. Ní 1985, R. Jan du Chêne àti S. A. Adediran tẹ ìwé jáde lórí àwọn dinoflagellate inú òkúta Nàìjíríà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí 50 sí 60 mílíọ̀nù ọdún. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti dá ìdílé kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ifecysta, tí orúkọ Ifẹ̀ hàn nínú rẹ̀ gbangba. Wọ́n sì sọ ẹ̀yà kan ní Kallosphaeridium yorubaense, ìyẹn ni ti Yorùbá. Níbikíbi ní ayé tí onímọ̀ bá ti rí èèpo náà nínú òkúta, orúkọ wa ni yóò kọ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÀWỌN ÒNKÀWÉ

1. Kí ni ó fà á tí a fi ń rí èèpo ìsinmi nínú òkúta, tí a kì í sì í rí ẹ̀wù ìpẹ́?
2. Kí ni Evitt rí lára ihò èèpo náà tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò kà sí?
3. Kí ni ìdí tí orúkọ Deflandre àti Cookson fi wà nínú àkámọ́?
4. Bí a bá rí èèpo méjì tí gbogbo àmì wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gún ọ̀kan kúrú ju ti èkejì lọ, ṣé ẹ̀yà méjì ni wọ́n? Kí olúkúlùkù sọ ìdí èsì rẹ̀.